Bàbá Àgbà, Ahánbọ́ọ̀lù Igbódìgò

Kò sí ìwé tí èèyàn lè mú wọ ilé bàbá bàbá mi tí bàbá náà kò ní bi í ní ìbéèrè kan: "Ta ló kà á fún ọ?" Ìbáà ṣe káàdì ìgbéyàwó, ìbáà ṣe èsì ìdánwò, ìbáà ṣe bébà tí wọ́n fi wé ẹ̀pà. Bí o bá ní ìwọ fúnra rẹ lo kà á, yóò ní kí o fi ìka tẹ̀ lé e, kí o tún un kà. Bí o bá ní ẹlòmíràn ló kà á fún ọ, yóò dá a padà sí ọ lọ́wọ́, yóò ní: "Ìwé náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn."

Ó ti lọ báyìí. Akínlolú lorúkọ rẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ ń pè é ní Bàbá Àgbà. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbí dé ikú ni mo ń kọ. Ìwà rẹ̀ ni mo ń kọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àti ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi kà fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á fún wọn lódì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ó ṣe ní Amẹ́ríkà bí ó ṣe rí gan-an, nítorí irọ́ ti pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó bí ìbẹ́pẹ kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹnìkan wà láàárín tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́ lọ réré. Ẹlòmíràn a dúró ní etí pápá, a sáré lọ síwájú bí ẹni tí ajá ń lé, a yíjú padà, a sì hán bọ́ọ̀lù náà kí ó tó balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alátakò ń bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀. Ẹni etí pápá yìí ni Bàbá Àgbà. Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ló lọ. Ìjọ kan ló fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi hán bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ọdún méjì àti ààbọ̀ fún ẹgbẹ́ tí wọ́n fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tó fọ́ láàárín ọkùnrin méjì. Orúnkún yẹn kò ká mọ́ títí ó fi kú. Tí ó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ náà a nà gbọọrọ sí ojú ọ̀nà, a óò sì máa rọra fò ó kọjá.

Àwọn òyìnbó bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hán nǹkan. Kò lè ṣàlàyé fún wọn. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, a máa ṣe púpurú, ẹ̀gẹ́ rogodo tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ, tà. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀ nínú omi tí wọ́n sì ti fún un, Yèyé a mọ ọ́n rogodo ní tútù, a sì jù ú sókè fún un láti ìdí agbọ̀n. Òun a dúró lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, a hán an, a tò ó sórí àjà tí ó wà lókè iná. Púpurú tútù kò gba agídí. Bí o bá fi ọwọ́ líle pàdé rẹ̀, ó tú ká. Àfi kí ọwọ́ rẹ bá a padà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. Èyí tó bá tú, Yèyé á tún un mọ, á sì gbá a létí. Bàbá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì hàn mí nígbà kan, ó ní: "Kóòṣì mẹ́rin ni mo ní l'Ámẹ́ríkà. Kò sí èyí tó tó Yèyé nínú wọn."

Èmi àti òun jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin kò ju ọdún márùn-ún lọ nígbà tí mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, Bàbá Àgbà ń ju ọsàn dúdú lù ú láti ibi tí ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo kà á.

"Bàbá, ẹ ó fọ́ ọmọ lójú!"

"Ojú náà ló fi ń hán an."

"Bí ó bá tàsé ńkọ́?"

"Á sunkún. Ṣé ẹkún ń pa ọmọ ni?"

"Èmi ló máa pa!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé ọmọ mi, mo wọlé, mo yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìwọ ìyá yìí, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lò ń gbọ́. Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ kì í rí bọ́ọ̀lù."

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mọ ìtàn tó kàn yìí. Ní ọdún kẹta rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹgbẹ́ kan fi ọkùnrin kan ṣọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣubú, ọkùnrin yìí a fi bàtà eléékánná tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì bú u ní orúkọ tí Bàbá Àgbà kò jẹ́ pè sí mi létí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó lù ú. Kò lù ú. Ojú ọ̀nà kan náà ló ń sá: ìṣísẹ̀ méje síwájú, kí ó yà sí ọ̀tún. Ìṣísẹ̀ méje, ọ̀tún. Ó ṣe é títí ọkùnrin náà fi ń yà sí ọ̀tún kí òun gan-an tó yà. Nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, ó sá ìṣísẹ̀ méje, ó mi èjìká sí ọ̀tún, ó sì já sí òsì. Ọkùnrin náà lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ṣubú gbì lójú gbogbo èèyàn, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà hán bọ́ọ̀lù, ó sá a dé ìparí pápá. Lẹ́yìn náà ó rìn padà wá, ó fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ dìde.

Mo ní: "Ẹ dárí jì í nìyẹn?"

Ó ní: "Mo fẹ́ kó dìde kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ dáadáa ni."

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kù, òun ló sì gbé mi dé ìdí ìwé yìí.

Kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ti ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Igbódìgò. Ọmọ́wùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pà Akíndélé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko bàbá náà lọ́nà Àyèká, bí ọkọ ìyàwó ti ń ṣe fún àna. Ní ọdún kejì rẹ̀ lókè òkun, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí Pà Akíndélé, pẹ̀lú lẹ́tà tí ó fi Yorùbá kọ. Nínú fọ́tò náà, ó ń sáré. Ohun kan wà lábíyá rẹ̀ tí ó fún mọ́ra. Irin gba iwájú ojú rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin mẹ́rin ń lé e bọ̀, irin wà lójú àwọn náà.

Pà Akíndélé kò mọ̀wé. Ìyá Bàbá Àgbà kò mọ̀wé. Ọkùnrin kan ló wà ní ìlú tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà, tí ó ń bá gbogbo èèyàn kọ ọ́, tí ó sì ń bá wọn kà á. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ẹgbẹ́ Bàbá Àgbà ni. Ọmọ́wùmí ni òun náà ń wò.

Akọ̀wé tú lẹ́tà náà níwájú gbogbo ilé. Ó mi orí, ó wá kà á báyìí: "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ mi ti di ẹ̀bẹ̀. Mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi. Àwọn tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí ni wọ́n mú mi. Irin ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè mí lójú. Kí Ọmọ́wùmí má dúró dè mí mọ́."

Ẹnìkan ní: "Kí ni ó wà lábíyá rẹ̀ yẹn?"

Akọ̀wé ní: "Ohun tí ó jí ni."

Ẹ wo fọ́tò náà kí ẹ tó dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wa títí dòní. Ẹni tí kò bá mọ eré náà rí, olè ni yóò rí. Kí iṣu ọdún tó tẹ̀ lé e tó jáde, Akọ̀wé ti fẹ́ Ọmọ́wùmí. Òun náà ló kọ èsì Yèyé sí Bàbá Àgbà, pé ọmọbìnrin náà ti rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, kí ó gbàgbé rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí Bàbá Àgbà kọ sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà, ohùn ẹlẹ́wọ̀n ni Akọ̀wé fi kà á. Ìtìjú mú kí Yèyé máa fi wọ́n dáná púpurú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ogun abẹ́lé ti parí kí ó tó darí dé. Ó ń tiro, ó wọ́ àpótí rẹ̀ wọ àgbàlá. Yèyé figbe ta, ó dì mọ́ ọn.

"Ṣé wọ́n ti dá ọ sílẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ìjọba."

"Ìjọba wo, Yèyé?"

"Àwọn tí wọ́n fi irin dè ọ́ lójú. Ṣé àwọn náà ló ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀?"

Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Yèyé fẹ́ kí wọ́n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ sí ilé Pà Akíndélé, nítorí bàbá náà kì í sọ bébà nù. Inú àpótí páànù ló ń kó gbogbo wọn sí. Kí Bàbá Àgbà lọ ka lẹ́tà náà fún un, tàbí kí wọ́n pe ọmọ ilé-ìwé. Ó kọ̀. Ó ní: "Bí mo bá kà á, ẹnu mi àti ẹnu Akọ̀wé ni. Bí ọmọdé bá kà á, wọn á ní mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ojú ara bàbá yẹn ni mo fẹ́ kó fi rí i."

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó gbé pátákó dúdú kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn èèyàn lọ́ra. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn ìwé ilẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nítorí oko ọ̀pẹ tí wọ́n ń dá, ẹ̀rù sì ń ba àwọn àgbà láti tẹ ìka sí ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹni kẹrin tí ó wá ni Pà Akíndélé. Ó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, kò jókòó.

"Mi ò wá bá ẹlẹ́wọ̀n ṣe àlejò o. ABD ni mo wá kọ́."

Bàbá Àgbà nu pátákó. "Ẹ káàbọ̀, sà. Orí rẹ̀ gan-an la wà."

Àwọn méjìlá ló kọ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Kò dárúkọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé a máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá, a ní: "Ẹlẹ́wọ̀n ti di tíṣà!" Bàbá Àgbà a bọ fìlà: "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyá àgbà mi, tí ó fẹ́ láti Òde-Ìrèlè ní àárín ìgbà yẹn, ló ń pọn omi mímu fún kíláàsì náà. Ó sọ fún mi pé: "Mo rò pé iṣẹ́ Olúwa ni ọkọ mi ń ṣe. Àṣé ọkùnrin kan ló ń lé."

Pà Akíndélé di ẹni tí ń ka gbogbo nǹkan: àlùmánáákì, ara agolo, orúkọ lára ibojì. Ní ọjọ́ kan ó ṣí àpótí páànù láti wá ìwé ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan lẹ́tà náà. Ó kà á. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó pe gbogbo ìdílé, ó ránṣẹ́ sí Akọ̀wé àti Ọmọ́wùmí, ó ránṣẹ́ sí Bàbá Àgbà àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìyá àgbà mi wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ èyí.

"Àna mi," Pà Akíndélé wí fún Akọ̀wé, "bá wa ka lẹ́tà àtijọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn tí kò sí nílé nígbà náà gbọ́."

Akọ̀wé wo Bàbá Àgbà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Níwájú ẹni tó ni ín, Bàbá? Ẹ jẹ́ ká bo àṣírí èèyàn."

"Kà á."

Ó mọ̀ pé bàbá náà ń lọ kíláàsì, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, kò sí arúgbó tí yóò kọjá ABD. Ó kà á bí ó ti kà á tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀, olè, irin ẹ̀wọ̀n, kí Ọmọ́wùmí má dúró. Kò ṣe àṣìṣe kan.

"Fi ìka sí ẹ̀wọ̀n," Pà Akíndélé wí.

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Mo ní kí o fi ìka sí ibi tí ẹ̀wọ̀n wà, kí èmi náà rí i."

Ìka Akọ̀wé lọ sókè, ó bọ̀ ní ìsàlẹ̀, ó dúró sórí ọ̀rọ̀ kan. Pà Akíndélé tẹ̀ mọ́ ọn. "A. Bí. Yá. Abíyá nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n dà?"

Ìyá kan tó ń jókòó níwájú ní kíláàsì ní: "Bóyá ẹ̀wọ̀n náà ti sá lọ!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò lè gbé ìka rẹ̀ kúrò, kò sì lè gbé e síwájú.

Pà Akíndélé gba bébà náà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń kà á ní wíwúwo bí ẹni tó ń rìn nínú àbàtà: "Ẹ má fòyà. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń lé mi. Eré la ń ṣe. Ohun tó wà ní abíyá mi, bọ́ọ̀lù ni. Irin ojú mi, ààbò ni. Ọdún méjì ló kù. Ẹ sọ fún Ọmọ́wùmí kó dúró dè mí." Ó ká a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Àgbà, bàbá tí ó tó bí i. Bàbá Àgbà kò sáré gbé e dìde. Ó jẹ́ kí Akọ̀wé wò ó tẹ́rùn ná.

Ọmọ́wùmí ló dìde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo ọkọ rẹ̀. Bàbá Àgbà ló kọjú sí.

"Láti ọjọ́ tí o dé lo ti mọ irọ́ yìí?"

"Mo mọ̀."

"Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí, oṣù márùn-ún ni. O rí mi pẹ̀lú oyún rẹ̀. O kí mi, o kọjá lọ."

Ó tún ọmọ náà pọ̀n.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀wé," ó wí. "Èmi lẹ fi ṣe bébà."

Mi ò ní gbe Bàbá Àgbà lẹ́yìn níbí yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ó kọ́ bàbá obìnrin náà, kò ronú láti kọ́ obìnrin náà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ní: "Mo ti hán èyí tó le ju ìyẹn lọ. Ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọmọ́wùmí kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ni ẹni kẹtàlá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò kí tíṣà. Ó kọ́ ìwé títí ó fi mọ̀ ọ́n, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Ní ti ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbé lẹ́tà lọ bá a. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Okìtìpupa. Ìtàn "fi ìka sí ẹ̀wọ̀n" ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó padà wá sílé, ó ń dáko. Fún ọdún tó ju ogójì lọ, Bàbá Àgbà ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀ títí ọkùnrin náà yóò fi gbé ọkọ́ kọjá, kí ó tó wọlé lọ jẹun. "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rò nígbà èwe mi pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Mo bi í ìdí tí kì í fi jẹun kí bàbá yẹn tó kọjá. Ó ní: "Ìyẹn gan-an ni oúnjẹ."

Ọjọ́ tí a sin ín, Akọ̀wé wá. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í mú. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìdágbére jáde, ó dìde, ó sì mú bébà kan jáde láti inú agbádá. Ó ní òun fẹ́ kà á fún òkú àti fún ìlú, kí òun náà tó tẹ̀ lé e. Àwọn arákùnrin bàbá mi wo ara wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ojú bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ó kà á.

Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ kí i bí ó ti yẹ. Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ó dárúkọ Ọmọ́wùmí, ó dárúkọ Yèyé, kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Síbẹ̀, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi í sínú àpò mi.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni mo wí. "Gbogbo ilé yìí ló ti mọ̀wé kà."